Alárinà Láàárín Ajá àti Ilé

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí lè pa àwọn kan lẹ́rìn-ín: bí a ṣe ń wá ilé tí ó yẹ fún ajá tí kò ní olówó mọ́. Ṣùgbọ́n ìdílé tí dìgbòlugi ti pa ọmọ mọ́ lójú kò ní rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ìtèlé, ní agbègbè Ọ̀tà, ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ti Èkó wá kọ́lé síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ sì ni ó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tí ó wà ní Ọ̀tà àti Sàngó. Ẹni tí ó ń kọ́lé a máa wá ajá tí yóò ṣọ́ búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì. Bí ilé bá parí, tàbí tí ayálégbé bá kó lọ, ajá lè di aláìnílé, kí ó máa jẹ ní ààtàn, kí ó sì máa bímọ kiri. Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọ nù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ti irú ajá yìí yàtọ̀: ọdẹ ni kò fọn fèrè.

Bí aláàánú bá gbé irú ajá bẹ́ẹ̀, tí ó wẹ̀ ẹ́, tí ó sì bọ́ ọ, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe. Bí ó bá fà á lé ẹni àkọ́kọ́ tí ó béèrè lọ́wọ́, ajá náà lè padà sí ìgboro kí oṣù tó parí. Nígbà tí àwọn baba wa bá fẹ́ gbé ìyàwó, alárinà ni wọ́n ń lò, ìwádìí sì ni iṣẹ́ alárinà. Ìwádìí mẹ́ta ni ó yẹ kí alárinà ajá ṣe.

Èkíní ni ìwà ajá. Ajá tí wọ́n ti fi igi lù lè bẹ̀rù ọwọ́ tí a bá gbé sókè. Ilé ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ kọ́ ni ilé rẹ̀. Èyí tí ó ń lé adìẹ kò yẹ ilé aládìẹ. Kí a béèrè orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Yorùbá a máa fi orúkọ ajá pa òwe fún aládùúgbò, bí irú Tanímọ̀la. Ajá kò mọ òwe. Ohùn orúkọ náà ni ó mọ̀, òun ni a ó sì fi pè é tí yóò fi dáhùn ní ilé àjèjì.

Èkejì ni ilé. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ òru, tí ó ń sùn ní ọ̀sán, ta ni yóò bọ́ ajá rẹ̀? Bí ó bá ń gbé yàrá kan nínú ilé elérò púpọ̀, ṣé onílé àti ará ilé gbà? Ajá òyìnbó onírun kíki a máa jìyà nínú ooru, oúnjẹ rẹ̀ sì pọ̀. Ajá ìbílẹ̀ ti mọ ooru wa lára, oúnjẹ díẹ̀ sì tó o.

Ẹ̀kẹta ni ìlera. Nínú 100 ènìyàn tí dìgbòlugi ń mú, bí 99 ni ó ń kó o lára ajá. Bí àmì àrùn náà bá sì ti hàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ń yè é. Nítorí náà, kí ajá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kí ó tó lọ sí ilé tuntun, kí a sì mọ ẹni tí yóò máa san owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Kí a tẹ akọ lọ́dàá. Ẹni tí ajá bá bù jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì tètè lọ sí ilé ìwòsàn.

Àwọn mìíràn ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ní ọdún 1860, obìnrin kan, Mary Tealby, dá ilé kan sílẹ̀ fún àwọn ajá tí ó sọ nù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé náà kó lọ sí Battersea ní 1871, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Ibẹ̀ náà, wọ́n ń wádìí ilé àti ìdílé ẹni kí wọ́n tó fún un ní ajá.

Ẹnì kan lè sọ pé ènìyàn kò ì tíì jẹun yó, kí ni ti ajá? Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ajá tí kò ní olówó, kò sí ẹni tí yóò gbà á ní abẹ́rẹ́, ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ni òun àti àwọn ọmọ wa yóò sì ti pàdé. Nítorí náà, kí alárinà padà lọ wo ajá náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kò bá bá ilé náà mu, kí onílé dá a padà láìsí ìtìjú. Ìyẹn sàn ju kí ó já a sílẹ̀ lóru lọ.