Ìpìlẹ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Ọ̀rọ̀ lórí Kọ̀ǹpútà Géèmù, tí A Sọ níbi Ìpàdé Ẹ̀ka Dadin Kowa



Àwọn ọmọ wa kan fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn to kọ̀ǹpútà tí wọn yóò fi máa gbá géèmù. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe pè é ní eré lásán, nítorí ẹ̀rọ kan náà ni wọn yóò fi kàwé tí wọn yóò sì fi ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó àjọ ni wọ́n fẹ́ fi rà á, a kì í sì í kó àjọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ná an.

Nǹkan méjì ló ṣe kókó. Èkíní ni processor, tí í ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ. Èkejì ni motherboard, pátákó tí ọpọlọ náà ń jókòó lé. Ọpọlọ kan kì í jókòó sórí pátákó tí kì í ṣe tirẹ̀, bí kọ́kọ́rọ́ ilé kan kì í ti í ṣí ilé mìíràn. Ẹni tí ó bá ti ra pátákó ti yan irú ọpọlọ àti irú RAM tí yóò lè lò lọ́jọ́ iwájú.

Ilé iṣẹ́ AMD ní pátákó AM4, tí ń lo RAM DDR4. Ọpọlọ Ryzen àkọ́kọ́ bọ́ sórí rẹ̀ ní 2017, wọ́n sì tún ṣe tuntun fún un ní 2022. Ọdún 2022 yìí náà ni AM5 dé, DDR5 nìkan ni ó ń gbà. AMD ti ṣèlérí pé àwọn yóò máa ṣe ọpọlọ tuntun fún AM5 títí di 2027, ó kéré tán. Intel gbé LGA1700 jáde ní 2021, ṣùgbọ́n ní 2024 wọ́n kó àwọn ọpọlọ Core Ultra tuntun lọ sórí LGA1851, wọn kò sì lè jókòó sórí ti àtijọ́.

Ìmọ̀ràn wa nìyí. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, kí ó ra AM4 pẹ̀lú Ryzen 5 5600G. Ọpọlọ yìí ní agbára àwòrán nínú, nítorí náà a lè bẹ̀rẹ̀ láìní káàdì àwòrán, kí a ra káàdì nígbà tí owó bá dé. Ẹni tí apá rẹ̀ ká a, kí ó mú AM5 pẹ̀lú Ryzen 5 7600, kí ó sì ṣírò owó RAM mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí lẹ́tà F lẹ́yìn orúkọ ọpọlọ Intel, ẹ mọ̀ pé kò ní àwòrán nínú. Láìsí káàdì, ojú ẹ̀rọ yóò ṣókùnkùn.

Ẹ rántí iná pẹ̀lú. Wáàtì 65 ni wọ́n kọ sára ọpọlọ AMD méjèèjì tí a dárúkọ. Core i9-14900K ti Intel lè jẹ iná dé wáàtì 253 bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára. Ẹni tí ń lo jẹnẹrétọ̀ tàbí inverter mọ ohun tí à ń wí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, kí ó ṣọ́ra fún ọpọlọ Intel ńláńlá ti ìran 13 àti 14. Ní 2024, Intel jẹ́wọ́ pé iná tó pọ̀ jù ń ba àwọn kan jẹ́. Wọ́n ṣe àtúnṣe, wọ́n sì fi ọdún méjì kún àtìlẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n àtúnṣe náà kò lè wo èyí tó ti bàjẹ́.

Bí ẹ bá ń ra láti Computer Village ní Ìkẹjà, ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo ni kí ẹ ti ra ọpọlọ àti pátákó. Kí ó tò wọ́n pọ̀, kí ó tan án, kí ẹ rí i kí wọ́n tó dì í sọ́kọ̀. Àwa oníṣòwò mọ̀ pé dídá ọjà padà láti Jos sí Èkó lè jẹ èrè tán.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ orúkọ ohun tí ẹ fẹ́ rà sínú ìwé, kí ẹ mú un wá sípàdé kí ẹ tó sanwó, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ire o.