Àrokò Inú Ẹ̀jẹ̀



Kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa, bí ọba kan bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ọba ẹgbẹ́ rẹ̀, a so owó ẹyọ pọ̀ mọ́ ìyẹ́, a fi lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́. Ìránṣẹ́ a gbé e lọ láìmọ ohun tí ó gbé, ṣùgbọ́n ẹni tí a fi jẹ́ fún, bí ó bá ti tú u wò, á mọ̀ bóyá ìfẹ́ ni tàbí ogun. Àrokò nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tí ń yí inú wa ká náà ń ru àrokò, ọ̀pọ̀ ọdún kí àyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dunni. Bí òwe bí òwe sì ni à ń lu àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.

Ní 1988, oníṣègùn Gerald Reaven fi yé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kì í dá rìn, nítorí orísun kan náà ni wọ́n ti ń ṣàn wá: ara ti kọ etí ikún sí insulin, omi ìsúnniṣe tí ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti wọ inú ẹran ara. Nígbà tí ó di 2009, àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn àgbáyé fẹnu kò lórí àmì márùn-ún tí a fi ń dá ìrìnpọ̀ yìí mọ̀, pé ẹni tí ó bá ní mẹ́ta nínú wọn, àjàgà ti dé ọrùn rẹ̀: ikùn tí ó yọ, ẹ̀jẹ̀ ríru láti 130/85 lọ sókè, ṣúgà òwúrọ̀, kí a tó fẹnu kan oúnjẹ, tí ó tó 100, ọ̀rá triglyceride tí ó tó 150, àti HDL, tí a ń pè ní ọ̀rá rere, tí kò tó 40 lára ọkùnrin tàbí 50 lára obìnrin. Mílígíráàmù nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń wọn ṣúgà àti ọ̀rá wọ̀nyí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò tú àrokò gbọ́dọ̀ mọ àṣà ìlú tí ó ti wá. Lára àwa tí a ṣẹ̀ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, triglyceride sábà máa ń wà nílẹ̀, bí ara tilẹ̀ ti kọ etí ikún sí insulin. Ẹni tí ó bá gbójú lé e nìkan yóò ka ogun sí ìfẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń wá àmì mìíràn. Ẹyọ kan péré nínú purotéènì tí a ń pè ní ApoB ní ń bẹ lára alárùú ọ̀rá búburú kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹni tí ó wọ̀n ọ́n ti ka iye alárùú tí ń bẹ lójú ọ̀nà, èyí tí ó sàn ju kí a kàn wọn ẹrù orí wọn lọ. Lp(a), irú alárùú ọ̀rá kan tí Kåre Berg rí ní Oslo ní 1963, jẹ́ àjogúnbá: ó sábà ń pọ̀ lára ènìyàn dúdú ju òyìnbó lọ, oúnjẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí i padà, àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan láyé ẹni sì sábà máa ń tó. CRP, tí a kọ́kọ́ rí ní New York ní 1930 nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí òtútù àyà ń ṣe, ni ẹ̀dọ̀ ń tú jáde nígbà tí iná bá ń jó lábẹ́lẹ̀ nínú ara. Bí kò bá tó mílígíráàmù 1 nínú lítà, ewu kéré. Bí ó bá kọjá 3, kí a fura. Àmọ́ ibà àti egbò pàápàá a máa gbé e sókè. Ní ilẹ̀ tí ẹ̀fọn kì í ti í sinmi bí tiwa, ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná, kí ó gbádùn tán ná, kí ó tó wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì pe àrokò yìí ní kádàrá. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 1997, tí ó kan Igbó-Ọrà àti Ìbàdàn, wo àwọn tí ó ṣẹ̀ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: ẹ̀jẹ̀ ríru mú 16 nínú 100 àwọn tí ó wà nílé, 26 ní Karíbíà, 33 ní Amẹ́ríkà. Ìdílé kan náà ni. Ìgbé ayé ni ó yàtọ̀.

Ẹ má fi àìsí ilé àyẹ̀wò ńlá ṣe àwáwí. Okùn ìwọ̀n télọ̀, tí yóò sọ bí ìbú ikùn ọkùnrin bá tó 94 sẹ̀ǹtímítà tàbí ti obìnrin tó 80, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ẹ̀jẹ̀ kín-ín-kín láti orí ìka, ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ọba tí ó gba àrokò ogun tí kò tú u kò dá ogun dúró. Ẹnubodè ìlú rẹ̀ ni kò tì.