Eré Tí A Sá ní Òkè-Afa
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé Ẹgbẹ́ ní Ẹ́sítéètì Jákàńdè, Ìsọlọ̀)



Ọ̀rọ̀ ewu ni a fẹ́ bá yín sọ. Àwọn baba wa wí pé ènìyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé e. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ẹ̀gún náà a burú ju ohun tí ń lé ni lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, iná ràn mọ́ ibi tí a kó ohun ìjà sí ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà. Bọ́ǹbù ń dún léraléra, ilẹ̀ sì ń mì. Àwọn kan rò pé ogun dé. Àwọn mìíràn rò pé sójà tún fẹ́ gba ìjọba. Olúkúlùkù bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ sá gba ìhà Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò, títí wọ́n fi dé etí odò tí a gbẹ́ ní Òkè-Afa, nítòsí ibi tí a jókòó sí yìí. Ilẹ̀ ti ṣú. Koríko ojú omi bo odò náà, ó dà bí pápá. Àwọn tí ó ṣáájú kó sínú rẹ̀, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn sì ń tì wọ́n. Nínú àwọn tí ó ju 1,000 lọ tí ìjàǹbá náà pa, ọ̀pọ̀ ni kò kú sí ẹnu bọ́ǹbù. Omi ni ó gbé wọn, àwọn ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè wọ́n ní òmùgọ̀. Ẹ̀rù bà wọ́n bí ó ti yẹ. Ìròyìn òtítọ́ ni wọn kò rí gbọ́. Etí a máa tètè gbọ́ ewu tí ń pariwo, ṣùgbọ́n ojú kì í tètè rí èyí tí ó dákẹ́. Odò náà ti wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, ó ti mọ́ni lójú tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi jọ ewu mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí àrùn Ebola dé Èkó ní ọdún 2014. Àgbọ́sọ tàn ká pé kí a mu omi iyọ̀, kí a sì fi wẹ̀. Àwọn kan mu ún, ó sì pa nínú wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n ń wá àwọn tí ó fara kan aláìsàn kiri láti ojúlé dé ojúlé ni ó gbà wá, kì í ṣe omi iyọ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa bèèrè ẹni tí ó rí i kí a tó tan ìròyìn kálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀nà, afárá àti etí omi han àwọn ọmọ wa ní ojú ọ̀sán, nítorí a kì í kọ́ ọ̀nà ní òru tí gbogbo ènìyàn ń sáré. Kí a sì máa rán àwọn aláṣẹ létí pé ẹni tí ó bá pẹ́ kí ó tó bá ará ìlú sọ̀rọ̀ ti fi wọ́n lé àgbọ́sọ lọ́wọ́.

Bí ẹ bá ń lọ sí ilé, ẹ yà wo ibi ìrántí wọn ní Òkè-Afa. Kí Ọlọ́run tu àwọn tí ó ṣì ń ṣọ̀fọ̀ nínú.