Bí A Ṣe Lè Dín Owó Tẹlifíṣọ̀n Kù Nínú Ilé
Àsọyé kan láti Jànkárà, Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kì í ṣe ti ìṣèlú, kì í sì í ṣe ti owó-orí. Ọ̀rọ̀ owó tí ń jáde lọ́wọ́ wa lóṣooṣù nítorí tẹlifíṣọ̀n ni.

Bí ènìyàn bá gun òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan ní Jànkárà, tí ó sì wo orí òrùlé káàkiri, yóò rí àwọn àwo irin tí wọ́n kọjú sí ọ̀nà kan náà. Lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo, ìdílé mẹ́fà lè wà, kí olúkúlùkù ní àwo tirẹ̀, kí olúkúlùkù sì máa san owó tirẹ̀. Àwọn kan ń ta àgbo, àwọn kan ń ta ìlẹ̀kẹ̀, àwọn kan ń ta aṣọ. Òógùn ojú wọn ni wọ́n fi ń rí owó náà.

Èyí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí ará Èkó yóò máa sanwó kí ohùn lè wọ inú ilé rẹ̀. Ní oṣù December 1935 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fa wáyà rédíò sí ilé àwọn ènìyàn ní Èkó. Àpótí kékeré ni wọ́n ń gbé sínú ilé. Wáyà ni ó ń gbé ohùn wá sínú rẹ̀, onílé a sì máa san owó fún un. Kò sí ààyè láti yan ibi tí a fẹ́ gbọ́. Bí ó bá sì ti sọ̀rọ̀, kò ní gba èsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ni àwọn bàbá wa ṣe sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Nígbà tí ó yá, rédíò kékeré tí ń lo bátìrì dé. Kò fẹ́ wáyà, kò sì sí owó wáyà mọ́. Àwọn ènìyàn fi àpótí ògiri sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fi ìròyìn sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí a mú nìyẹn.

Ní 31 October 1959 ni tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1962 ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti Èkó bẹ̀rẹ̀. Inú afẹ́fẹ́ ni àwòrán ń gbà wá, eriali lásán sì ni a fi ń mú un. Lẹ́yìn ọdún 1990 ni àwo irin àti dẹkódà olówó oṣooṣù wá tàn kálẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa sì gbàgbé pé eriali ṣì wà.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣe ìṣirò. Ní 1 March 2025, ilé-iṣẹ́ DStv gbé owó oṣooṣù ètò tí wọ́n ń pè ní Compact láti N15,700 sí N19,000. Wọ́n gbé ti Premium láti N37,000 sí N44,500. Ẹni tí ó bá san N19,000 fún oṣù 12 ti san N228,000. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ tí òfin orílẹ̀-èdè fi lélẹ̀ ní 2024 jẹ́ N70,000. Oṣù mẹ́ta rẹ̀ kò tó owó náà. Fún ìyá tí ń ta àgbo, owó òwò ni. Fún bàbá ọlọ́mọ, owó ilé ìwé ni. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà; bẹ́ẹ̀ náà ni owó yìí ṣe ń wọ inú àpò wa.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ọjọ́ ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka wákàtí tí a fi wòran. Bí iná bá lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, oṣù ń lọ. Bí a bá wà lọ́jà láti òwúrọ̀ di alẹ́, oṣù ń lọ.

Kí ni kí a ṣe? Èkínní, ẹ mú ìwé, kí ẹ sì kọ ohun tí olúkúlùkù nínú ilé wò fún ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìròyìn, eré Yorùbá àti bọ́ọ̀lù ni yóò pọ̀ jù níbẹ̀. Ìròyìn àti eré Yorùbá wà lórí afẹ́fẹ́ láìgba owó. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wà láti 1980; ti ìjọba àpapọ̀ wà, ti àwọn aládàáni náà sì wà.

Èkejì, ẹ ra eriali, kí ẹ gbé e sókè ju òrùlé lọ. Ilé gíga a máa dí àwòrán lọ́nà, nítorí náà ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí àwòrán yóò fi mọ́. Láti Jànkárà, Agídìngbí ní Ìkẹjà, níbi tí tẹlifíṣọ̀n Ìpínlẹ̀ Èkó wà, wà ní apá àríwá. Eriali kan lè sin yàrá púpọ̀ bí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ bá pín wáyà rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí àwọn ayálégbé dá owó rẹ̀ jọ. Ẹ̀yin tí ìletò yín jìnnà sí ìlú ńlá, dẹkódà mìíràn wà tí a ń rà lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú àwo rẹ̀, tí kì í gba owó oṣooṣù.

Ẹ̀kẹta, ti bọ́ọ̀lù. N kò ní tàn yín: ìdíje ńlá ilẹ̀ Òyìnbó ni a ó kọ́kọ́ pàdánù. Ṣùgbọ́n owó àsansílẹ̀ ni owó dẹkódà. A lè san án ní oṣù tí ó bá ṣe pàtàkì sí wa, kí a sì dúró ní oṣù mìíràn. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo lè lọ sanwó rẹ̀ ní ilé ìwòran àdúgbò.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan mẹ́ta. Ẹ má ṣe jí wáyà ẹlòmíràn lò, olè ni. Ẹ má ṣe gbé gbogbo ìwòran lọ sórí fóònù, nítorí wákàtí kan lè jẹ gígábáìtì kan, owó dátà yóò sì wá ju owó tí ẹ sá fún lọ. Lákòótán, kí bàbá má ṣe dá a gé láìsọ fún ará ilé. Bí arúgbó tàbí aláìsàn kan bá wà tí tẹlifíṣọ̀n jẹ́ alábàárò rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ó lè jẹ́ pé owó tirẹ̀ ni ó yẹ kí a máa san.

Mo mọ̀ pé ojú ayé ni ó ń mú ẹlòmíràn san án, kí aládùúgbò má baà sọ pé nǹkan ti bàjẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n aládùúgbò kọ́ ni yóò san owó ilé ìwé ọmọ wa. Ẹ padà sílé, ẹ ṣe ìṣirò náà lálẹ́ òní, kí ẹ sì jọ pinnu.