Kòkòrò Tí Ń Bá Wa Ṣe Oògùn

Kòkòrò àìfojúrí kan ń pa wá. Òmíràn lè bá wa ṣe oògùn. Ọ̀rọ̀ òní nìyẹn.

Antibáyọ́tíìkì, oògùn tó ń pa kòkòrò bakitéríà, kò ran àwọn bakitéríà kan mọ́. A ti lò ó nílòkulò.

Ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì kan wà tó jẹ́ pé bakitéríà nìkan ló ń bá jà. Bó bá fẹ́ jáde nínú bakitéríà tó wọ̀, ó máa ń lo èròjà kan, lysin, láti fọ́ ògiri ara bakitéríà náà. Ògiri yẹn fọ́, bakitéríà kú.

Àwọn onímọ̀ mú jíìnì tó ń ṣe lysin, wọ́n fi sínú bakitéríà tí kò léwu. Wọ́n ń fún un ní ṣúgà jẹ nínú àgbá, bí ẹni ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ó sì ń ṣe lysin fún wọn.

Kì í ṣe àlá. Láti 1982 ni ínsúlínì, oògùn àtọ̀gbẹ, tí bakitéríà ṣe ti wà lọ́jà. Ṣúgà kò wọ́n. Sísẹ́ lysin náà mọ́ ló ń gbówó. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ṣì kù, ìdánwò sì ń lọ lọ́wọ́.

Mo tún un sọ o: kòkòrò ni wọ́n ń kọ́ láti ṣe ohun tí yóò pa kòkòrò.