Àjẹ́ Ké Lánàá: Ìwádìí Ikú Iyùn Nínú Àpótí Dígí

Mo mọ̀ pé àkọlé ọ̀rọ̀ mi yóò ti ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu. Iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni mo ti ń ṣe láti ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Kí ni ó wá kan onílítíréṣọ̀ nínú ikú iyùn? Ẹ fi ara balẹ̀. Òwe kan ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, iyùn ni yóò sì bá mi jẹ́rìí sí i.

Òwe náà ni pé: Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Agbára òwe yìí wà nínú ìbéèrè rẹ̀. Ìbéèrè tí kò retí ìdáhùn ni. Ó so ohun méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn pọ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ bèèrè ohun kẹta. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Síbẹ̀, ní ọdún 2018, èmi náà fi í dá ẹjọ́ nínú ilé mi, mo sì dá ẹjọ́ náà sódì.

Iyùn tí a mọ̀ jù nílẹ̀ Yorùbá ni ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí ń bẹ lọ́rùn ọba àti ìjòyè, tí ìyàwó ọ̀ṣìngín náà ń fi ṣe ọ̀ṣọ́. Egungun ni ìlẹ̀kẹ̀ yẹn. Ẹran omi tí ó ni egungun náà ti kú kí ó tó dé ọjà. Àwọn ìbátan rẹ̀ tí ń mọ òkìtì ńláńlá sínú òkun ilẹ̀ olóoru ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Ẹranko ni wọ́n, wọ́n ní ẹnu, wọ́n sì ní ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ. Nínú ẹran ara wọn ni àwọn ohun kéékèèké bí ewé ń gbé, tí ojú lásán kò lè rí, tí ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ fún onílé wọn. Bí ìnira bá dé, àwọn àlejò wọ̀nyí a jáde, iyùn a sì funfun. Bí ìnira náà bá pọ̀ jù, ẹran ara yóò bó, egungun nìkan ni yóò kù.

Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń sin iyùn nínú ilé. Ní ọdún 1846, obìnrin kan tí ń jẹ́ Anna Thynne kó iyùn ààyè láti ìlú Torquay, ní etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú omi wọn, ọmọdébìnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ nínú ilé rẹ̀ a máa da omi náà láti inú ohun èlò kan sí òmíràn lójú fèrèsé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ọmọdébìnrin yìí. Bí iyùn bá kú nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ta ni a óò kọ́kọ́ bi léèrè bí kò ṣe ẹni tí ń da omi?

Láti ọdún 2014 títí di 2020 ni mo fi ṣe olùkọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ní àpótí dígí kan tí ó gba omi lítà 200, iyùn 14 sì wà nínú rẹ̀. Iyọ̀ inú òkun tó ìwọ̀n 35 nínú ẹgbẹ̀rún, ìwọ̀n yìí ni ó sì yẹ kí omi àpótí ní. Ohun èlò tí mo fi ń wọ̀n ọ́n ni àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní refractometer. Èmi yóò pè é ní awò-iyọ̀. A ó kán omi lé e lórí, a ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, a ó sì ka nọ́ńbà tí ó bá fi hàn.

Omi inú àpótí a máa fà lọ sínú afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í bá a lọ. Nítorí náà, omi tí kò ní iyọ̀ ni a fi ń dí i. Mo fa ìlà sára dígí láti fi ibi tí omi gbọ́dọ̀ dé hàn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá bá mi gbé láti kàwé, mo sì fi iṣẹ́ omi alaalẹ́ yìí lé e lọ́wọ́.

Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e ni mo wọn omi, tí awò-iyọ̀ sì fi 29 hàn dípò 35. Ta ni kò mọ̀? Ọmọ ti da omi jù. Mo pè é, mo bi í. Ó ní, “Bàbá, n kò kọjá ìlà náà rí.” Mo ní irọ́ ni ó ń pa. Mo gba korobá lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bá mi jiyàn, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ pè mí láti ilé, ó ní: “Àbúrò mi, ṣé ẹran inú omi ni ìwọ fi ọmọ mi pààrọ̀?”

Mo fi iyọ̀ kún omi díẹ̀díẹ̀ títí awò fi tún ka 35. Kò pẹ́ ni ikú bẹ̀rẹ̀. Àwọn iyùn ẹlẹ́ka wẹ́wẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ bó láti ìdí lọ sókè. Àwọn tí ọwọ́ wọn máa ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ nínú omi pa ara wọn dé, wọn kò sì ṣí mọ́. Mo ní èérí omi ọmọ náà ni ó ń jà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ ìwádìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀mọ̀wé. Mo wọn amóníà, kò sí rárá. Mo wọn nítírétì àti fọ́sífétì, wọn kò pọ̀ jù. Ìwọ̀n ooru omi jẹ́ 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí sì dára. Mo wá bàbà, nítorí pé májèlé ni fún àwọn ẹran omi tí kò ní eegun ẹ̀yìn. N kò rí i. Mo fi iná tọ́ṣì wá kòkòrò tí ń jẹ iyùn lóru. N kò rí ọ̀kan. Mo yẹ gbogbo wáyà iná mànàmáná wò, kò sí èyí tí ó ya. Kálísíọ̀mù, tí iyùn fi ń mọ egungun, ti kúrò ní 420 sí nǹkan bí 490. Magnẹ́síọ̀mù ti kúrò ní 1,300, ó ti lé ní 1,500. Inú mi dùn, mo ní oúnjẹ pọ̀ fún wọn. Níkẹyìn, mo ń pààrọ̀ omi lítà 40 lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí n lè fọ èérí náà kúrò. Omi tuntun tí mo ń pò, awò-iyọ̀ yìí kan náà ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Bí mo ti ń tọ́jú wọn tó ni wọ́n ń kú tó.

Nígbà tí ó ku iyùn márùn-ún, mo bu omi sínú ìgò, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ń ta ẹja. Ó wọ̀n ọ́n, ó ní 41 ni. Mo sọ fún un pé awò tirẹ̀ ti bàjẹ́. Kò bínú. Ó mú ìgò omi kékeré kan jáde, omi tí àwọn tí ó ṣe é ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó jẹ́ 35 gan-an. Awò tirẹ̀ ka 35. Ó ní kí n mú tèmi wá ní ọjọ́ kejì. Awò tèmi ka 29.

Nígbà náà ni mo rántí. Ní ọjọ́ mélòó kan kí n tó fi ẹ̀sùn kan ọmọ náà, awò-iyọ̀ já bọ́ lọ́wọ́ mi sórí ilẹ̀. Dígí rẹ̀ kò fọ́. Mo nù ún, mo dá a padà sí àyè rẹ̀. Mo ní ìwé tí mo ń kọ gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ inú omi náà sí. Ọjọ́ tí ọmọ dé wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ da omi wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí awò já bọ́ lọ́wọ́ èmi kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tún ẹ̀rí náà kà, nítorí pé kò sí èyí tí ó fara pamọ́ nínú wọn. Èkíní, kí omi lítà 200 tó lè ti 35 wálẹ̀ sí 29, omi tí a óò dà sí i yóò lé ní lítà 40. Níbo ni lítà 40 yóò dúró sí nínú àpótí tí ó ti kún dé ìlà? Orí kápẹ́ẹ̀tì mi ni ì bá wà. Ìṣirò ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ì bá dá ọmọ náà láre, èmi kò sì ṣe é. Èkejì, kálísíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù jùmọ̀ fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà lé sí i. Bí iyọ̀ òkun bá pọ̀ sí i nínú omi, gbogbo ohun tí ń bẹ nínú iyọ̀ náà ni yóò jọ pọ̀ sí i. Ẹlẹ́rìí méjì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, mo sì pè é ní ìbùkún. Ẹ̀kẹta, ọmọ ti lọ, iyùn ṣì ń kú. Nígbà tí àjẹ́ ti kúrò nílùú tí ikú kò sì dáwọ́ dúró, ó yẹ kí adájọ́ tún ìwé ẹjọ́ rẹ̀ yẹ̀ wò. Àwọn àgbà ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Mo fi tọ́ṣì wá kòkòrò nínú òkúta. Èmi ni mo di tọ́ṣì mú.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Kí a yẹ òṣùwọ̀n wò kí a tó gba ohun tí ó wọ̀n gbọ́, kí a sì fi ohun tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ dájú yẹ̀ ẹ́ wò. Kí a má ṣe yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí a kò ní mọ èyí tí ó ṣe é. Kí a bi nọ́ńbà léèrè ibi tí yóò dúró sí. Kí ẹni tí ń ṣe ìwádìí sì kọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ti àwọn tí a ń fura sí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ lítíréṣọ̀, èyí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Bí a bá rí ìwé àtijọ́ tí kò ní àmì ohùn, tí a kọ “ọkọ” síbẹ̀, ó lè jẹ́ ọkọ obìnrin, ó lè jẹ́ ọkọ́ àgbẹ̀, ó lè jẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ó sì lè jẹ́ ọ̀kọ̀ ológun. Àwa ni a óò fi àmì sí i. Láìpẹ́ a óò gbàgbé pé àwa ni a fi í sí i, a óò kọ ojú-ewé mẹ́wàá lórí ìtumọ̀ rẹ̀, a óò sì di ẹ̀bi àṣìṣe rẹ̀ ru òǹkọ̀wé tí ó ti kú.

Mo fi omi tí kò ní iyọ̀ dín iyọ̀ inú àpótí kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí pé ìyípadà òjijì náà a máa pa iyùn. Àwọn márùn-ún tí ó kù yè. Mo lọ bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo fi ìyá rẹ̀ sórí tẹlifóònù kí ó lè gbọ́, mo ní, “Èmi ni mo jẹ̀bi. O kò kọjá ìlà.” Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ó ti tán. Àwọn tí ó kù ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun?” Kò padà wá gbé lọ́dọ̀ mi, n kò sì bẹ̀ ẹ́ kí ó padà. Ṣùgbọ́n ó ń wá ní ọjọ́ Sátidé láti wá wò wọ́n.

N kò sọ pé kí a sọ òwe wa nù. Àwọn àgbà tí ó pa á fi ìbéèrè parí rẹ̀, àwa ni a sọ ìbéèrè náà di ìdájọ́. Bí wọ́n bá tún bi mí ní ọjọ́ mìíràn pé ta ni kò mọ̀, mo ti ní ìdáhùn. Èmi ni kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ awò mi wò.