Orúkọ Tí Kò Gbọdọ̀ Parẹ́

Ní Dartmoor, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rélùwéè Princetown ṣiṣẹ́ láti 1883 títí di 1956 tí wọ́n pa á tì. Wọ́n ti hú irin rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rin ọ̀nà náà nísisìyí. Àwọn kan a máa wá àpótí tí wọ́n fi pamọ́ sáàárín òkúta lágbègbè náà. Òǹtẹ̀ rọ́bà àti ìwé ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá rí i yóò tẹ òǹtẹ̀ tirẹ̀ sínú ìwé náà, yóò sì dá àpótí padà fún ẹni ẹ̀yìn. Ìwé ló ń jẹ́rìí pé ó débẹ̀.

Àwa ńkọ́? Bí ilé iṣẹ́ bá ti ilẹ̀kùn lọ́la, kí ni yóò jẹ́rìí wa? Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka wa kọ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ sílẹ̀, kí á sì pa ìwé náà mọ́.